Kì í Ṣe Kúbùsù Alàgbà

Bí ẹ bá ti gbé ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rí, ẹ ó mọ̀ pé nǹkan kì í bàjẹ́ níbẹ̀ kí a má kọ́kọ́ wá ẹni tó bà á jẹ́. Kí a tó bèèrè ohun tó ṣe ìkòkò, a ti ń bèèrè ẹni tó lò ó kẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nígbà tí ẹ̀rọ ìfọṣọ wa kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́.

Àwa mẹ́rin la jọ háyà ilé oníyàrá méjì kan ní Ilé-Ifẹ̀. Ẹ̀rọ náà jẹ́ oníhò méjì: ẹ̀gbẹ́ kan fún fífọ̀, ẹ̀gbẹ́ kejì fún fífún. Ìyá ọ̀kan nínú wa ló fún wa nígbà tí wọ́n ra tuntun. Kì í ṣe nǹkan afẹ́ fún wa rárá. A máa ń fi fọ aṣọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àdúgbò, wọ́n á san 1,000 náírà lórí àpò kan, owó yẹn la sì fi ń ra gáàsì àti gàrí. Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́, ebi ń bọ̀ nìyẹn.

Lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan, Alàgbà fọ kúbùsù rẹ̀. Alàgbà kì í ṣe orúkọ rẹ̀. À ń pè é bẹ́ẹ̀ nítorí pé kì í pariwo. Nígbà tó di àárọ̀ Sátidé, a pọn omi sí ẹ̀rọ, a da ọṣẹ sí i, a yí bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ ń kùn, hùùùn, ṣùgbọ́n kò yí. Ẹ̀gbẹ́ tó ń fún aṣọ ń ṣiṣẹ́ ní tiẹ̀. A ò wádìí kankan. Gbogbo wa wo Alàgbà: "Kúbùsù yẹn ni!"

A pe ẹnì kan tó ń tún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe. Kò tú ẹ̀rọ náà. Ó gbọ́ bó ṣe ń kùn, ó ní ẹ́ńjìnì ti jóná, ó sì ní ká wá 35,000 náírà. A dájọ́ lójú ẹsẹ̀ pé Alàgbà ni yóò san án. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú u wò ná." A ní ó fẹ́ yẹ gbèsè sílẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kejì, ó kó 10,000 náírà sórí tábìlì láti inú owó tó fẹ́ fi tẹ ìwé ìwádìí àṣekágbá rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń dá oúnjẹ tirẹ̀ sè. Ilé wá dákẹ́ rọ́rọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ Túsìdé, wọ́n mú iná dé. Fáànù pálọ̀ ń kùn, kò yí, bó ṣe máa ń ṣe. Ọ̀kan nínú wa mú igi ìgbálẹ̀, ó fi ti abẹ́ rẹ̀ díẹ̀, fáànù bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Alàgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ò gbọ́ bí fáànù yẹn ṣe ń kùn kó tó yí?"

A gbọ́. Ohùn ẹ̀rọ ìfọṣọ ni.

Irú ẹ́ńjìnì tó wà nínú àwọn méjèèjì kì í lè dá bẹ̀rẹ̀ sí í yí fúnra rẹ̀. Iná ilé wa ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, kò sì fi ibi tí ẹ́ńjìnì yóò yí sí hàn án. Kàpásítọ̀ ló ń mú kí iná dé ara wáyà kejì inú ẹ́ńjìnì ní àkókò tó yàtọ̀ díẹ̀ sí ti àkọ́kọ́, ìyàtọ̀ yẹn ló sì ń tì í. Bí kàpásítọ̀ bá ti kú, ẹ́ńjìnì á gba iná, á máa kùn, á sì dúró sójú kan títí nǹkan mìíràn yóò fi tì í. Bó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, á gbóná, ó sì lè jóná lóòótọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri, a gbọn omi inú ẹ̀rọ dànù, a tú ẹ̀yìn rẹ̀. A ya fọ́tò gbogbo wáyà ká tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Bẹ́líìtì wà níbi tó yẹ kó wà, kò já, kò yọ̀. A fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnì, ó yí wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sì rùn bí ohun tó jóná. Àfi kàpásítọ̀ tí ikùn rẹ̀ wú bí agolo tí ohun inú rẹ̀ ti bàjẹ́. Nǹkan yìí lè tọ́jú iná sínú kódà lẹ́yìn tí a ti yọ púlọ́ọ̀gì, nítorí náà a fi wáyà méjì tó wà lára gílóòbù kan kan ẹnu rẹ̀ méjèèjì kí iná tó bá ṣẹ́ kù lè tán ká tó yọ ọ́.

A gbé e lọ sí Lágere. Ẹni tó ń ta á ní ká ra èyí tó ní nọ́ńbà kan náà: 10 µF, 450 V. Ó ní ká má rò pé èyí tó tóbi jù ú lọ ni yóò ṣiṣẹ́ jù. 2,500 náírà ni. A dé ilé, a wo fọ́tò, a dá wáyà padà, a yí bọ́tìnnì. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

Kò sẹ́ni tó hó. Owó Alàgbà ṣì wà lórí tábìlì.

Ohun tó dùn wá jù nìyí: ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì kí Alàgbà tó fọ kúbùsù tí ẹ̀rọ náà ti ń lọ́ra. Olúkúlùkù wa ti ki ọwọ́ bọ inú omi rí, ìwà ewu gbáà, láti tì í kó tó yí. A mọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ níjọ́ tí à ń dájọ́, nítorí ẹni tó bá sọ ọ́ lè dá nínú owó. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Tiwa burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹjọ́ ara wa gan-an la pa mọ́ tí a fi dá ti ẹlòmíràn.

A dá 10,000 náírà rẹ̀ padà, àwa mẹ́ta sì san owó kàpásítọ̀. A bẹ̀ ẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó fèsì. Ó wá ní, "Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ra kàpásítọ̀ ti fáànù náà."

A ti rà á. Igi ìgbálẹ̀ ti padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, a sì ti ń jọ sè nínú ìkòkò kan náà.