Mile 12 Lóru: Ojú Là Sílẹ̀, Ọpọlọ Ti Sùn Lọ

Aago mẹ́ta òru ni ilẹ̀ ń mọ́ ní Mile 12. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Kétu lójú títì Ìkòròdú yóò kọ́kọ́ gbọ́ ariwo kó tó rí ọjà. Alábàárù ń pariwo, "Ẹ yà! Ẹ yà lọ́nà!", jẹnẹrétọ̀ ń dún, òórùn tòmátì tó ti ń kẹ̀ gba gbogbo afẹ́fẹ́. Tírélà tò lọ rẹrẹ. Tòmátì, tàtàṣé, àlùbọ́sà, iṣu; òkè Ọya ni púpọ̀ nínú wọn ti ń bọ̀.

Láti Kánò sí Èkó, ọ̀nà náà tó nǹkan bíi 1,000 kìlómítà. Ẹni tó bá gba Kàdúná yóò ré odò Ọya kọjá ní Jẹ́bbà, kó tó kan Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn. Bẹ́ẹ̀ tòmátì kì í ṣe ìrẹsì. Inú apẹ̀rẹ̀ ló wà, ooru ń mú un, tó bá fi ọjọ́ kan pẹ́ sí i lójú ọ̀nà, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í jò lára rẹ̀. Ìdí nìyí tí awakọ̀ fi ń sáré lọ́sàn-án, tó tún ń sáré lóru. Tí ọjà bá jẹrà, ta ni yóò san án?

Ká fi ti awakọ̀ sílẹ̀ ná, àwọn ìyá tó ń ra ọjà yìí ńkọ́? Ẹni tó wá láti Agége, Múṣin tàbí Ìkòtún ti dìde lórí ẹní láti aago kan àbọ̀, torí ẹni tó bá tètè dé ló ń ṣa apẹ̀rẹ̀ tó dáa. Tó bá fi máa di aago mẹ́fà àárọ̀, ó ti ń gbé ẹrù lọ sí ìsọ̀ tirẹ̀. Yóò jókòó tì í títí di alẹ́, torí ìrọ̀lẹ́ ni àwọn èèyàn ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ wá ra èlò ọbẹ̀. Ó délé, ó dáná, ó fọ aṣọ ọmọ. Aago mọ́kànlá ló tó fẹ̀yìn lélẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: wákàtí méjì àbọ̀ péré!

Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fi ń tu ara wọn nínú: "Ara ti mọ́ ọn." Irọ́ gbáà ni. Òṣómàálò ni oorun. Ẹ rántí àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn láyé ọjọ́un, tí wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó wọn á fi pé. Bí èèyàn kò bá san gbèsè oorun lórí ẹní, yóò gbà á lórí ìjókòó ọkọ̀ tàbí nídìí ọjà.

Bó ṣe ń gbà á nìyí. Ọpọlọ á kàn pa ara rẹ̀ dé fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ojú lè là sílẹ̀, ọwọ́ lè wà lórí sítíárìn, ṣùgbọ́n onílé ò sí nílé. Tírélà tó ń sáré 80 kìlómítà ní wákàtí kan yóò ti rìn tó nǹkan bíi mítà 90 láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin yẹn, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gígùn pápá bọ́ọ̀lù.

Ẹ wo Ògèrè Rẹ́mọ, lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1978. Tírélà kì í tán níbẹ̀. Àwọn tó ń kọjá máa ń bú wọn pé wọ́n dí ọ̀nà, wọ́n sì jàre. Ṣùgbọ́n awakọ̀ tó tẹ́ ẹní sábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ ní Ògèrè, tó ń hanrun, ó sàn ju èyí tó ń fi obì lé oorun lọ. Obì kì í pa oorun. Láti ìgbà tí èèyàn bá ti jí ni nǹkan kan ti ń ṣù jọ nínú ọpọlọ, òun ló ń pe oorun. Kaféènì inú obì àti kọfí kàn ń di ọpọlọ létí ni, kó má gbọ́ ìpè náà. Tí agbára rẹ̀ bá wálẹ̀, ìpè á dún gbọnmọgbọnmọ.

Ta ni kò tíì gbọ́ ìtàn awakọ̀ tó rí ìyá arúgbó tó ń sọdá lóru, tó tẹ bíréèkì, tí kò rí ẹnì kankan? Àwọn kan ní iwin ni, àwọn kan ní ayé ni. Kò sẹ́ni tó fẹ́ bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n àìsùn nìkan tó ó ṣe é. Ní ìparí 1963, ní ìlú San Diego ní Amẹ́ríkà, ọmọ iléèwé ọmọ ọdún 17 kan, Randy Gardner, pinnu pé òun ò ní sùn, kí wọ́n lè fi òun ṣe ìwádìí. Ní ọjọ́ kẹrin, ó wo àmì ojú títì, ó ní èèyàn ni. Wákàtí 264 ló fi wà láìsùn, ìyẹn ọjọ́ 11. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, wọ́n ní kó máa yọ méje méje kúrò nínú 100. Ó yọ ọ́ dé 65, ló bá dákẹ́. Wọ́n ní kí ló dé? Ó ní òun ti gbàgbé ohun tí òun ń ṣe.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ fi ti 65 yẹn sọ́kàn. Kò dìgbà téèyàn bá lo ọjọ́ 11 kí owó tó máa ṣì í lọ́wọ́. Ìwádìí kan láti Ọsirélíà, tó jáde ní 1997, fi hàn pé ẹni tó ti wà láìsùn fún wákàtí 17 ń ṣe bí ẹni tí ọtí ti wọ̀ lára. Tó bá di wákàtí 24, ó ti burú jùyẹn lọ dáadáa. Ẹni tó jí ní aago kan àbọ̀ òru, aago mẹ́fà àbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni wákàtí 17 tirẹ̀ pé. Ìgbà tí èrò pọ̀ jù nídìí àtẹ nìyẹn! Oníbàárà mú ₦500 wá, ó fún un ní ṣéńjì ₦1,000. Tí owó ò bá wá pé lálẹ́, ó di pé ọmọdé tó ń bá a tajà ló jí i. Ó nà án. Ọmọ ń sunkún, kò sì mú kọ́bọ̀.

Ti ìbínú yẹn gan-an, àìsùn wà nínú rẹ̀. Ohun tí kò tó ìjà lójú ẹni tó sùn dáadáa, ogun ni lójú ẹni tí kò sùn. Télọ̀ tó ránṣọ mọ́jú nítorí ọdún, tó wá gé aṣọ oníbàárà sódì, ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n. Ọ̀mùtí tiẹ̀ mọ̀ pé òun mutí; ẹni tí oorun ń pa á máa búra pé ojú òun dá.

Àwọn kan ti ń dá ọgbọ́n sí i. Obìnrin méjì á pa owó pọ̀, èyí lọ sí Mile 12 lónìí, ó ra ti ẹnì kejì dání, èkejì lọ lọ́la. Àwọn mìíràn ń fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí àpò fún ogún ìṣẹ́jú lọ́sàn-án nígbà tí ọjà bá dá, kí aládùúgbò bá wọn wo àtẹ. Àwọn kan sì wà tí wọn kì í fọwọ́ kan owó mọ́ tí aago márùn-ún bá ti lù. Ọmọ tó ti iléèwé dé ni wọ́n ń so àpò owó mọ́ nídìí.