Iṣẹ́ Sájà Bátìrì ní Ìpògùn àti Agbègbè Àkúrẹ́

Iṣẹ́ sájà bátìrì ni iṣẹ́ ẹni tó ń fi iná sínú bátìrì tó ti kú, tó ń tún un ṣe, tó sì ń sọ fún oníbàárà bóyá ó ṣì wúlò. Ní Ìpògùn, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọrẹ, àti ní àwọn abúlé tó wà láàárín Àkúrẹ́ àti Oǹdó, ọkọ̀ tó ń kó kòkó ló gbé iṣẹ́ náà wọlé. Ibi tí kòkó bá pọ̀ sí, lọ́rí kò ní ṣàì dé ibẹ̀. Lọ́rí tó bá sì dé, bátìrì rẹ̀ yóò kú lọ́jọ́ kan. Awakọ̀ tó bá mọ̀ pé bátìrì òun ti rẹ̀ a máa páàkì sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ọkọ̀ lè yí sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀ kí íńjìnnì sì gbà. Ilẹ̀ olókè ni ilẹ̀ yìí, ọgbọ́n náà sì wúlò, ṣùgbọ́n kò lè ju ọjọ́ díẹ̀ lọ.

Bátìrì olójé tó ń wà nínú ọkọ̀ yìí dàgbà ju ọkọ̀ tó ń lo epo lọ. Ní 1859 ni Gaston Planté, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣe irú rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọdún 1886 ni Karl Benz tó gba ìwé àṣẹ fún ọkọ̀ tirẹ̀. Camille Faure ló mú bátìrì náà tẹ̀síwájú ní 1881, nígbà tó po èròjà òjé bí ẹ̀kọ tó sì rẹ́ ẹ mọ́ ara plétì kí ó lè gba iná púpọ̀ sí i. Séèlì mẹ́fà ló wà nínú bátìrì 12 volt, volt méjì àti díẹ̀ sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú wá. Nínú séèlì, plétì pupa rúsúrúsú kọjú sí plétì aláwọ̀ eérú, àwọn méjèèjì sì jọ rì sínú ásíìdì. Bí bátìrì bá ṣe ń ṣiṣẹ́, ásíìdì ń wọ ara plétì, omi tó kù nínú séèlì sì ń fúyẹ́ sí i. Bí wọ́n bá fi iná sí i, ásíìdì á jáde padà sínú omi. Gbogbo ìmọ̀ onísájà dúró lórí ìyípadà yìí.

Bátìrì tí àwọn ọ̀gá àkọ́kọ́ bá lẹ́nu iṣẹ́ kì í ṣe irú ti òde òní. Rọ́bà dúdú líle ni àpótí rẹ̀, ọ̀dà ni wọ́n fi dí orí rẹ̀, òjé tó so séèlì kan mọ́ èkejì sì hàn síta. Ìyẹn ló sọ iṣẹ́ náà di iṣẹ́ ọwọ́ ní tòótọ́. Tí séèlì kan bá kú, ọ̀gá á fi iná yọ́ ọ̀dà, á gé òjé ìsopọ̀, á fa séèlì tó bàjẹ́ jáde, á fọ ojú ibẹ̀, á pààrọ̀ plétì, á jó òjé pọ̀ padà, á sì tún fi ọ̀dà dí i. Séèlì márùn-ún tó dára kò ní tìtorí ẹyọ kan di ohun ìdànù. Ọmọ iṣẹ́ tó bá lè jó òjé pọ̀ láì dá àpótí lu ti súnmọ́ òmìnira. Nígbà tí àpótí oníke dé, tí ilé iṣẹ́ jó orí rẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ pinpin, ọgbọ́n yẹn kásẹ̀ nílẹ̀. Àdánù ńlá ni.

Sájì fúnra rẹ̀ nílò iná, iná ìjọba kò sì tètè dé abúlé. Ilé iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń pè ní ECN ló ń bójú tó o kí NEPA tó gbapò rẹ̀ ní 1972, àwọn ìlú ńlá ló sì kọ́kọ́ jẹ àǹfààní rẹ̀. Nígbà náà, ẹni tó bá fẹ́ ṣí ìsọ̀ sí abúlé gbọ́dọ̀ ní jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀. Nínú ẹ̀rọ sájà, tiransifọ́mà ló ń dín iná kù, dáódù ló sì ń sọ ọ́ di iná tó ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo. Wọ́n á to bátìrì sílẹ̀, pọ́sítíìfù ti èyí mọ́ nẹ́gátíìfù ti ìyẹn, kí iná kan náà lè gba ara gbogbo wọn kọjá. Bátìrì tí wọ́n kọ 60Ah sí lára yẹ kó gba nǹkan bí ampere 6 fún wákàtí mẹ́wàá sí méjìlá. Ẹni tó bá fipá ti iná wọ inú rẹ̀ ní wákàtí méjì nítorí pé oníbàárà ń kánjú, plétì ló ń bà jẹ́. Bí bátìrì bá sì ń kún, ó ń hó, gáàsì haidirójìn sì ń jáde; sìgá kan tó láti mú un bú gbàmù.

Kì í ṣe ọkọ̀ nìkan ló ń mú oníbàárà wá. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1959, nígbà tí tẹlifíṣọ̀n sì tàn dé abúlé, bátìrì ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé tí kò ní iná fi ń wò ó. Nígbà tí fóònù GSM dé ní 2001, ìsọ̀ sájà náà ni wọ́n ń gbé fóònù lọ.

Ohun tó ya onísájà gidi sọ́tọ̀ ni ìwọ̀n. Háídírómítà, tó ń wọn bí omi inú séèlì ṣe wúwo tó, ni irinṣẹ́ rẹ̀: tó bá fi fa omi séèlì tó sì ka 1.26 sí 1.28, séèlì náà kún. Tó bá ka nǹkan bí 1.12, ó ti tán. Bí séèlì márùn-ún bá kún tí ẹ̀kẹfà kò kún lẹ́yìn sájì òru kan, àìsàn bátìrì náà ti hàn, kò sì yẹ kí wọ́n gba owó sájì mìíràn lórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti omi. Omi nìkan ló ń gbẹ, ásíìdì kì í gbẹ. Nítorí náà omi mímọ́ tí kò ní iyọ̀ ni wọ́n ń fi kún un. Àwọn kan ń bu ásíìdì sí i kó lè dà bíi pé ó ti jí. Á jí fún ọjọ́ díẹ̀, ásíìdì á sì jẹ plétì rẹ̀. Ìwà tí kò yẹ iṣẹ́ yìí rárá ni.

Òjé ni ewu tó burú jù. Ó ń yọ́ ní nǹkan bí ìwọ̀n 327 lórí òṣùwọ̀n Celsius, iná èédú lásán sì lè yọ́ ọ, èyí ló mú kí àwọn ènìyàn máa yọ́ ọ lẹ́yìnkùlé. Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gà, ọmọdé méjìdínlógún kú láàárín òpin 2007 àti ìbẹ̀rẹ̀ 2008 ní àdúgbò tí wọ́n ti ń yọ òjé bátìrì àlòkù. Ọpọlọ àwọn ọmọ kéékèèké ni òjé ń bà jẹ́ jù. Ibi tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré kọ́ ni wọ́n ń da ásíìdì àlòkù sí, aṣọ iṣẹ́ kò sì gbọ́dọ̀ wọ yàrá tí wọ́n ń sùn.

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, sólà àti ínfátà ń pọ̀ sí i, bátìrì lithium sì ń gba ipò lọ́wọ́ olómi. Irú tí wọ́n ń lò jù fún sólà, èyí tí wọ́n fi irin àti fósíféètì ṣe, ti inú iṣẹ́ tí John Goodenough àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Texas ní 1997 wá. Séèlì mẹ́rin, 3.2 volt ọ̀kọ̀ọ̀kan, ló ń di 12.8. Kò ní omi tí wọ́n ń fi kún un, háídírómítà kò sì wúlò fún un. Pátákó kékeré kan nínú rẹ̀ ló ń ṣọ́ séèlì kọ̀ọ̀kan, ó sì ń gé iná tí ó bá ti pọ̀ jù. Ẹ̀rọ sájà àtijọ́ tí kò ní ohun tó ń dá a dúró kò bá a mu, nítorí pé iná tó bá kọjá 14.6 volt lè bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ń ṣí àpótí: á fi mítà wọn séèlì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á yọ èyí tó ti kú, á sì wá òmíràn tí agbára rẹ̀ bá ti àwọn tó kù mu, torí pé séèlì tí kò bá dọ́gba pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni pátákó náà yóò torí rẹ̀ gé iná gbogbo bátìrì.