Irin Àlòkù, Eérú Kòkó

Tafo ti wà kí Kumasi tó di olú ìlú Ashanti ní Gánà. Lónìí, Kumasi ti gbé e mì. Ẹni tó bá ti gáréèjì Kejetia wọ ọkọ̀ ọ̀nà Mampong kò lè mọ ibi tí ìgboro ti tán tí Tafo ti bẹ̀rẹ̀. Tafo mìíràn wà ní Akyem. Ibẹ̀ ni ilé ìwádìí kòkó ti Gánà wà láti 1938. Ẹ̀ka tí wọ́n dá sílẹ̀ fún un ní Ìbàdàn nígbà ìjọba òyìnbó ló padà di ilé ìwádìí kòkó ti Nàìjíríà ní 1964.

Èèpo kòkó tó bá jẹrà nínú oko máa ń kó àrùn ran èso tó wà lórí igi. Bí wọ́n bá sá èèpo yìí gbẹ, tí wọ́n sun ún, eérú rẹ̀ di ohun èlò ọṣẹ. Wọ́n á da omi sórí eérú náà, omi tó bá sẹ́ sísàlẹ̀ ni wọ́n á gbé kaná pẹ̀lú epo, wọ́n á sì máa rò ó títí yóò fi dì. Alata samina ni wọ́n ń pè é lọ́jà Kumasi, torí Alata ni orúkọ tí wọ́n ń pe àwa èèyàn Nàìjíríà níbẹ̀. Ní Oṣù Kọkànlá 1969, nígbà tí ọrọ̀ ajé le, ìjọba Busia ní Gánà fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àwọn Alata di ẹrù wọn. Ọṣẹ náà kò lọ.

1983. Ní oṣù kìíní, ìjọba Shagari lé àwọn àlejò tí kò ní ìwé kúrò ní Nàìjíríà, àwọn ọmọ Gánà sì gbé báàgì Ghana-Must-Go padà dé ilé tí kò sí oúnjẹ. Ọ̀dá dá, iná jó igbó, ó jó oko kòkó mọ́ ọn. Egungun ọrùn àwọn èèyàn yọ síta. Ẹ̀gbà ọrùn Rawlings ni wọ́n ń pè é, ní orúkọ olórí ìjọba Gánà nígbà náà. Ní oṣù kẹrin, ìjọba Rawlings bẹ̀rẹ̀ ètò àtúntò ọrọ̀ ajé. Ní oṣù kejìlá, ní New York, Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè fẹnu kò láti dá ìgbìmọ̀ tí Gro Harlem Brundtland darí sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ yìí ló wá sọ fún ayé ní 1987 pé ìdàgbàsókè tó yẹ ni èyí tó bọ́ àwọn tó wà láyé láìjẹ ìpín àwọn tí a kò tíì bí.

Nígbà ọ̀wọ́n yẹn, Gánà kò ní owó òkèèrè tí yóò fi ra ẹ̀yà ara ọkọ̀. Ìgbà náà gan-an ni Suame Magazine, àdúgbò àwọn mẹkáníìkì tí kò jìnnà sí Tafo ti Kumasi, gbòòrò sí i. Ọkọ̀ tí ìlú mìíràn ì bá pa tì, wọ́n tú u palẹ̀, wọ́n gbẹ́ èyí tó jẹ, wọ́n fi ìyókù to òmíràn. KNUST, yunifásítì tó wà ní Kumasi, ti dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ ní 1972 láti máa ran àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ lọ́wọ́. Ní 1980, ẹ̀ka náà ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Suame fúnra rẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ ìgbẹ́rin síbẹ̀, àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tí wọ́n ń dúró dè láti òkè òkun tẹ́lẹ̀. Àwọn olùkọ́ ló kó ẹsẹ̀ lọ bá àwọn tí ọwọ́ wọn dọ̀tí. Èyí ni mo kà sí ọgbọ́n tó ga jù nínú gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ìjọba tún ṣí ẹnu ibodè sílẹ̀ fún ọjà òkèèrè, iṣẹ́ àwọn kan nínú àwọn mẹkáníìkì náà lọ sílẹ̀.

Ọmọ iṣẹ́ kan jókòó sórí táyà ní Suame, ó ń ṣa nọ́ọ̀tì àlòkù sínú agolo mílíìkì: agolo kan fún ti ọkọ̀ Jàpáànù, ọ̀kan fún ti Jámánì, ọ̀kan fún èyí tí ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tó ti wá. Èyí tó kẹ́yìn ló kún jù.

Ẹ́ńjìnnì tó ti kú a máa di ìkòkò. Wọ́n á yọ́ ọ, wọ́n á dà á sínú yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ti fi ìkòkò mìíràn tẹ̀, ó di dadesen tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀ fún gbogbo agbo ilé. Àwọn onímọ̀ tó yẹ irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ wò ní Kamẹrúùnù rí òjé olóró nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń yin àlòkù gbọ́dọ̀ yẹ inú rẹ̀ wò pẹ̀lú.

Ní nǹkan bí 2013, àwọn ará Suame àti àwọn ará Holland méjì jọ kan ọkọ̀ kan látinú irin àlòkù. Wọn kò fi kọ̀ǹpútà kankan sínú rẹ̀, kí mẹkáníìkì abúlé lè tún un ṣe. Turtle ni wọ́n pè é: ìjàpá.

Ilé iṣẹ́ Toyola bẹ̀rẹ̀ ní Gánà ní 2006. Àdògán ni wọ́n ń ṣe: páànù àlòkù lóde, amọ̀ sísun nínú, kí ooru má bàa sá lọ. Àwìn ni wọ́n ń tà á fún ọ̀pọ̀ obìnrin, wọ́n á sì fún oníbàárà ní kólò kékeré kan. Owó èédú tí àdògán tuntun bá dá sí ni yóò máa sọ sínú rẹ̀. Bí agbowó bá dé, wọ́n á ṣí kólò. Èédú tí kò jó ló san gbèsè. Èéfín tí kò rú náà di ọjà: ilé ìfowópamọ́ Goldman Sachs wà lára àwọn tó rà á.

Ọ̀wọ́n tún padà. Ní Oṣù Kejìlá 2022, ọ̀wọ́n gógó ọjà ní Gánà dé ìdá 54.1 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní Oṣù Karùn-ún 2023, IMF, àjọ owó àgbáyé, gbà láti yá ìjọba ní bílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là. Ìgbà kẹtàdínlógún nìyẹn tí Gánà kan ilẹ̀kùn kan náà.

Ní 2008, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Gánà dá sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ agbépòó ní Accra, kí wọ́n lè fòpin sí i. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, Clean Team bẹ̀rẹ̀ ní Kumasi, níbi tí ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń gbé yàrá kọ̀ọ̀kan nínú agbo ilé kan náà, tí wọ́n sì ń tò sẹ́nu ilé ìgbẹ́ olówó láàárọ̀. Wọ́n á gbé àga ìgbọ̀nsẹ̀ tó ní ike lábẹ́ wá sínú yàrá, oníbàárà á máa san owó oṣooṣù, òṣìṣẹ́ á sì máa wá pààrọ̀ ike náà. Ẹrù kan náà ni. Àmọ́ ó ní ìdérí, ẹni tó ń gbé e ní ìbọ̀wọ́ àti aṣọ iṣẹ́, ojúmọmọ ló sì ń wá. Lójú tèmi, ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré.

Ọparun kì í pẹ́ dàgbà. Ní Kumasi, Bernice Dapaah àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi kan kẹ̀kẹ́. Ní Yonso, ní ilẹ̀ Ashanti bákan náà, wọ́n kan èyí tí ilé iṣẹ́ my Boo tà ní Kiel, ní Jámánì. Ojú ọ̀nà Kumasi kò fi bẹ́ẹ̀ gba kẹ̀kẹ́ láàyè láàárín trotro, ọkọ̀ èrò wọn. Ṣùgbọ́n owó tó ti Kiel wọlé wà lára ohun tí wọ́n fi kọ́ ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ Yonso.