Àwọ̀ Ìbọn

Omi ló yí Àgbóyì ní Kóṣọ̀fẹ́, Ìpínlẹ̀ Èkó, ká. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Kétu gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi kó tó débẹ̀, irin kò sì rójú nílẹ̀ tó rí bẹ́ẹ̀. Páànù orí ilé, ìṣó ara ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì tí wọ́n so mọ́ ìdí ọkọ̀: bí ọ̀rinrin Odò Ògùn kò bá mú un, atẹ́gùn ọ̀sà á mú un. Nírú ibẹ̀, ọ̀dà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà. Kí irin má baà jẹ ni.

*

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀dà lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹwà: ìbọn ìléwọ́ làwọn kan ń kùn nínú ilé wọn. Ẹni tó ra Glock dúdú lè fẹ́ kó di àwọ̀ iyanrìn, àwọ̀ ewé, kódà kó di àwọ̀ osùn. Apá méjì ló ń fojú hàn lára irú ìbọn bẹ́ẹ̀. Ara ìsàlẹ̀ ni ọwọ́ ń dì mú. Rọ́bà líle ni Glock fi ṣe é, láti nǹkan bí ọdún 1982 tí àwọn ọmọ ogun Austria ti gbà á wọlé. Apá òkè ni irin tó máa ń sún sẹ́yìn bí ọta bá ti jáde. Ilé iṣẹ́ ti mú ojú irin yìí le kó tó kúrò lọ́wọ́ wọn, ìdí nìyẹn tí kì í fi í tètè dógùn-ún.

Ẹni tó fẹ́ yí àwọ̀ rẹ̀ padà á kọ́kọ́ fọ òróró kúrò lára rẹ̀ pátápátá, á ha ojú rẹ̀ kí ọ̀dà lè rí nǹkan dì mú, á wá fín in, á sì gbé e sínú ààrò. Ọ̀dà tí wọ́n ń pè ní Cerakote ń fẹ́ ooru bí 120 lórí òṣùwọ̀n Celsius lára irin. Rọ́bà kò lè fara da tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà iná tiẹ̀ ní láti rọlẹ̀, kó má baà wọ́. Àwọn tó mọṣẹ́ náà máa ń kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má lo ààrò tí wọ́n fi ń se oúnjẹ. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti dójú ẹ̀, nílé tí ìbọn àti adìẹ ọjọ́ Àìkú ti ń du ààrò kan náà.

*

Ní tiwa ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ náà kò tiẹ̀ dé orí ọ̀dà. Òfin Ìbọn ti ọdún 1959 pín ìbọn sọ́nà mẹ́ta. Ìbọn ìléwọ́ wà nínú ọ̀wọ́ àkọ́kọ́, níbi tí bọ́ǹbù àti ìbọn arọ̀jò ọta wà, àfi ẹni tí Ààrẹ orílẹ̀-èdè bá fún láṣẹ ló lè ní in. Ìbọn ọdẹ tòyìnbó wà nínú ọ̀wọ́ kejì, ṣakabùlà nínú ọ̀wọ́ kẹta, àwọn náà ò sì ṣeé ní láìgbàwé. Ẹni tó bá ń wá ọ̀dà fún ìbọn ìléwọ́ ní Kóṣọ̀fẹ́, agbẹjọ́rò ló yẹ kó kọ́kọ́ wá.

*

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ àwọ̀ ìbọn yìí ni bí àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́ ṣe ń fi ìpẹtà lé ìpẹtà. Wọ́n á fọ ọ̀pá ìbọn mọ́, wọ́n á fi omi kẹ́míkà pa á lára, wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ gbé e síbi tó lọ́rinrin kó lè dógùn-ún díẹ̀. Bó bá ti hù, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á, wọ́n á tún pa á lára lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn títí irin á fi ní àwọ̀ ilẹ̀ pupa tó ki, tí kò ní bó mọ́. Òróró ló kẹ́yìn rẹ̀. Bó bá jẹ́ dúdú ni wọ́n ń fẹ́, wọ́n á se é nínú omi gbígbóná lẹ́yìn tó bá ti dógùn-ún: ìpẹtà pupa yẹn á yí padà di dúdú lójú wọn níbẹ̀. Ìpẹtà kan náà ni, omi gbígbóná ló yí i lọ́kàn padà.

Ìbọn àti ẹ̀tù wà lára ọjà tó ń gba ojú omi láti Èkó wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbá lọ́gọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Birmingham ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wá. Ó ṣeé ṣe kí àwọ̀ tí òyìnbó fún un ti máa ṣí nígbà tó fi máa dé ọwọ́ ọdẹ wa, ọdẹ á sì máa fi òróró pa á títí tí kò fi sẹ́ni tó rántí àwọ̀ tó kọ́kọ́ ní.

*

Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí ní Abuja ní oṣù kẹfà ọdún 2006 ní kí nọ́ńbà wà lára ìbọn kọ̀ọ̀kan, tí yóò fi yàtọ̀ sí gbogbo ìyókù. Kò sọ pé kí wọ́n kọ àwọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ó mọ ìdí: àwọ̀ ṣeé yí padà.

*

Ní ọdún 2006 yìí kan náà, Bloomberg tó ń ṣàkóso ìlú New York nígbà náà fọwọ́ sí òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe kun ìbọn gidi láwọ̀ tó máa jẹ́ kó jọ ìbọn ìṣeré, kí wọ́n má sì ta ọ̀dà irú rẹ̀. Ẹ̀rù tó ń ba àwọn tó ṣe òfin náà ni pé ọlọ́pàá á rí ìbọn àwọ̀ osùn, á rò pé eré ni, ọta á sì jáde. Ilé iṣẹ́ Lauer ní Wisconsin, tó ń ṣe ọ̀dà DuraCoat, wá gbé àwọn àwọ̀ tuntun jáde, wọ́n fi orúkọ Bloomberg fúnra rẹ̀ pè wọ́n, wọ́n sì fi orúkọ àwọn àdúgbò New York sọ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Olówò ò gbàgbé ṣíṣe yẹ̀yẹ́.

*

Òdìkejì rẹ̀, ìbọn ìṣeré tó jọ ìbọn gidi, ló burú jù. Láti ọdún 1988 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí ẹnu ìbọn ìṣeré ní àwọ̀ ọsàn. Ní ọjọ́ 22, oṣù kọkànlá, ọdún 2014, ní Cleveland, ìbọn ìṣeré tí àmì ọsàn yẹn kò sí lẹ́nu rẹ̀ mọ́ ló wà lọ́wọ́ Tamir Rice, ọmọ ọdún 12, nínú ọgbà ìṣeré. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí ọkọ̀ ọlọ́pàá dé ibẹ̀, wọ́n ti yìnbọn fún un. Ó kú lọ́jọ́ kejì.

*

Nílẹ̀ wa náà, bí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, tàbí Kérésì, ìbọn ìṣeré á kún ọjà. Dúdú ló máa ń pọ̀ jù, dúdú ni àwọn ọmọ sì máa ń fẹ́, nítorí ó jọ ti inú fíìmù. Ọlọ́ṣà náà mọ̀ pé ó jọ gidi, òun náà ń fi í dẹ́rù ba èèyàn lálẹ́. Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá máa rà á, ẹ ra èyí tó pupa tàbí tó rí bí ọsàn, ẹ má jẹ́ kí ọmọ fi ọ̀dà dúdú kùn ún. Kó má sì mú un kọjá ẹnu ọ̀nà ilé bí ilẹ̀ bá ti ṣú, torí ojú ẹni tó wà lókèèrè kò mọ àwọ̀ nínú òkùnkùn.