Kọ̀ǹpútà tó sọ omi di 605

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ má tíì náwó lórí kíbọ́ọ̀dù tuntun o. Ó ku ọjọ́ méjì kí ọmọ mi gbé iṣẹ́ àṣejáde rẹ̀ fún olùkọ́ ní yunifásítì, ni láptọ́ọ̀pù rẹ̀ bá yarí. Ó tẹ 'omi', 605 ló jáde! Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan l'Ókè-Ìlewó, wọ́n ní kíbọ́ọ̀dù ti kú, kí n mú N15,000 wá. Owó ọjà ọ̀sẹ̀ kan nílé wa nìyẹn.

Ọmọkùnrin tó ń tẹ̀wé fún èèyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ló ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ n wò ó ná." Ó di Fn mú, ó tẹ NumLk, lẹ́tà padà.

Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù kékeré ni kò ní ojú nọ́ńbà lápá ọ̀tún. Lára àwọn kan nínú wọn, abẹ́ U, I, O, J, K, L àti M ni wọ́n fi í pamọ́ sí. Bí ọwọ́ bá ṣèèṣì kan NumLk, nọ́ńbà á gorí lẹ́tà. (Pásíwọ́ọ̀dù náà ò ní wọlé mọ́.) Ẹ wo ara F11 tàbí ẹ̀gbẹ́ Delete, ojú kan kọ́ ló wà lórí gbogbo ẹ̀rọ. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ ṣí On-Screen Keyboard nínú Windows, ẹ tẹ Options, ẹ mú 'Turn on numeric key pad'. NumLock á yọjú síbẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́.

Iṣẹ́ ọmọ mi dé ọwọ́ olùkọ́ lásìkò. Èmi ò tíì padà lọ kí oníṣọ́ọ̀bù yẹn.