Omi Ẹnu Ẹ̀rọ ní Wilmington

Omi tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ nínú ilé ìdáná kan ní Wilmington, ní ìpínlẹ̀ North Carolina lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, mọ́ gaara. Ó ń ṣàn ṣooro, ó gùn gbọọrọ láti ọrùn ẹ̀rọ wá sísàlẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé ń gba ara rẹ̀ kọjá, àfi ìgbà tó bá kan irin abọ́ ìfọwọ́ ló tó fọ́nká wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́. Gbé imú sún mọ́ ọn, òórùn kiloríìnì fẹ́ẹ́rẹ́ ni wàá gbọ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Odò Cape Fear ni wọ́n ti fà á. Lókè odò náà, lẹ́bàá Fayetteville, ni ilé iṣẹ́ Chemours wà. Oṣù kẹfà ọdún 2017 ni àwọn ará ìlú gbọ́ pé kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní GenX ń ti ilé iṣẹ́ náà bọ́ sódò, ó sì ń bá omi wọ inú ife wọn. Kò ní àwọ̀, kò dùn, bẹ́ẹ̀ ni kò korò.

Obìnrin tó wá bu omi náà fún àyẹ̀wò kò tíì fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹ kọ́kọ́ wo aṣọ ọrùn rẹ̀ ná: ṣẹ́ẹ̀tì òwú tó ti ṣá, tí wọ́n ti fọ̀, tí wọ́n tún fọ̀, títí tó fi rọ̀ jọ̀jọ̀, tí fọ́nrán òwú sì ti ń yọ létí ọrùn rẹ̀. Kò wọ kóòtù òjò. Kò kun ètè, kò fi ìpara kankan sára láàárọ̀ yìí, kò sì ra oúnjẹ tí wọ́n fi bébà tí epo kì í gbà kọjá wé. Irú kẹ́míkà tó wá wá nínú omi ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú nǹkan wọ̀nyẹn: ẹ̀wọ̀n káàbọ́ọ̀nù tí fúlóríìnì bò, tí omi kì í lẹ̀ mọ́, tí òróró kì í lẹ̀ mọ́, tí ilẹ̀ kò sì lè jẹ rà. Kódà tépù funfun pẹlẹbẹ tí àwọn pọ́lọ́ḿbà máa ń wé mọ́ ẹnu páìpù kó má baà jò, ìdílé kan náà ni. Ó bẹ̀rẹ̀, ó tẹjú mọ́ ibi tí irin ti wọnú irin, ó ń wò ó bóyá etí tépù kankan yọjú.

Ó fọ ọwọ́, ó gbọn omi dànù, ó fa ìbọ̀wọ́ aláwọ̀ búlúù wọ̀, ìyẹn sì dún pà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Ó tú àwọ̀n kékeré tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ, ó jẹ́ kí omi ṣàn títí tí títutù rẹ̀ fi dúró sójú kan. Ike ló fẹ́ fi bù ú, nítorí pé àwọn kẹ́míkà yìí lè lẹ̀ mọ́ ara ìgò onídígí. Ike náà gba mílílítà 250, ara rẹ̀ ṣú díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ń gbà á kọjá ṣùgbọ́n ojú kò rí òdìkejì rẹ̀ tán. Ìyẹ̀fun funfun kan tó ń jẹ́ Trizma wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, gíráàmù kan àti ìdámẹ́rin, wínníwínní, tó ń dán, tó sì ń rọ́ lọ rọ́ bọ̀ bí ó ṣe ń yí ike náà lọ́wọ́. Òun ni yóò pa agbára kiloríìnì inú omi. Omi ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ó dé èjìká ike, ó dé ọrùn, obìnrin náà sì gba ike kúrò kó tó kún bò, torí bí omi bá dà sílẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ìyẹ̀fun ti bá a lọ nìyẹn. Ó dé e, ó ń mì ín. Ìyẹ̀fun gbéra nílẹ̀, ó ń rìn kiri inú omi bí ó ṣe ń yọ́, ó fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń wárìrì sẹ́yìn ara rẹ̀, títí tí ìlà náà fi parẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ló ṣe ohun kan tó ya àlejò lẹ́nu. Ó gbé ike kejì jáde, omi ti kún inú ìyẹn láti yàrá àyẹ̀wò wá, omi tí wọ́n ti yẹ̀ wò pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó ṣí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi níbẹ̀, ó dà á láti inú ike yẹn sínú òfìfo mìíràn, wọ̀ọ̀, ó sì dé e. Afẹ́fẹ́ ilé ìdáná, ọwọ́ rẹ̀ àti aṣọ rẹ̀ ni ó ń yẹ̀ wò. Ike méjèèjì wọnú yìnyín, wọ́n di èrò ọ̀nà.

Ní yàrá àyẹ̀wò, àwọn ọ̀pá ike kéékèèké dúró ṣánṣán lórí àpótí kan, wọ́n tò tẹ̀léra, ìyẹ̀fun tí wọ́n kì mọ́lẹ̀ láàárín àwọ̀n méjì wà níkùn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ ń kùn hùn-ún lábẹ́ tábìlì. Omi Wilmington ń gba inú ìyẹ̀fun náà kọjá, ó ń sáré bọ́ sísàlẹ̀, kẹ́míkà inú rẹ̀ sì ń lẹ̀ mọ́ ìyẹ̀fun. Nígbà tí omi tán, wọ́n fi mẹ́tánọ́ọ̀lù ṣan inú ike tí wọ́n fi bù ú wá, torí ohun tó lẹ̀ mọ́ ògiri rẹ̀, wọ́n sì da ìyẹn náà sínú ọ̀pá kó lè ṣan kẹ́míkà kúrò lára ìyẹ̀fun. Wọ́n wá dẹ ọwọ́ ẹ̀rọ. Mẹ́tánọ́ọ̀lù náà ń kán tó, tó, tó, bí ẹmu ṣe ń kán láti ojú ọ̀pẹ sínú agbè, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan ń wú, ó ń gùn, ó ń rọ̀ dirodiro kó tó já.

Mílílítà 8 péré ló kán sílẹ̀, wọn kò sì fẹ́ kó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ki ìsàlẹ̀ ìgò ike tó wà nínú rẹ̀ bọ omi tó gbóná dé nǹkan bí ìwọ̀n 60 lórí Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, abẹ́rẹ́ tín-ín-rín kan sì ń fẹ́ nàìtírójìn sí i lórí, sìì, láìdánudúró. Ojú mẹ́tánọ́ọ̀lù lu kòtò róbótó kan níbi tí afẹ́fẹ́ náà ti bà á, etí kòtò ń gbọ̀n, ó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀, títí tí ìdí ìgò fi gbẹ táútáú. Kò sí ohun tí ojú lè rí níbẹ̀. Wọ́n fi mílílítà 1 tú u. Ohun tó wà káàkiri mílílítà 250 ti kó jọ sínú ẹyọ kan.

Ọwọ́ irin kan ló kù tó ń rìn. Ó wá ìgò náà rí láìṣi ẹsẹ̀ gbé, ó ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, ó fa máíkrólítà 10, ó sì tì í sínú ọ̀pá irin kan tí ihò rẹ̀ fẹ̀ ní mílímítà méjì àti díẹ̀. Àwọn ẹ̀wọ̀n kúkúrú ló máa ń kọ́kọ́ jáde, àwọn tó gùn ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn. Lẹ́nu ọ̀nà, iná mànàmáná tú wọn sí ìkùukùu tó fẹ́lẹ́ ju èémí lọ, ẹ̀rọ fà wọ́n wọ ibi tí afẹ́fẹ́ kò sí, ó sì ń ṣà wọ́n níkọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wúwo. PFOA, ọ̀kan nínú ìdílé kẹ́míkà yìí, wọlé ní 413, ó kọlu gáàsì, apá kan ré kúrò lára rẹ̀, ó jáde ní 369. Ní tèmi, kò sí ibi tí iṣẹ́ náà ti rẹwà tó báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú irin ló ti ń ṣẹlẹ̀.

Lójú kọ̀ǹpútà, ìlà kan ń lọ nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń gbọ̀n kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Lójijì ó dìde, ó ga ṣóńṣó, ó sì wálẹ̀. Wọ́n wọn ìbú àti gíga rẹ̀, ó di nọ́ńbà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ EPA tó ń dáàbò bo àyíká ní Amẹ́ríkà kéde pé PFOA inú omi mímu kò gbọ́dọ̀ ju nanogíráàmù 4 lọ nínú lítà kan. Nanogíráàmù kan jẹ́ ìdá kan bí a bá pín gíráàmù kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan. Láti ọdún 2022 ni ilé iṣẹ́ omi Wilmington ti ń sẹ́ omi náà gba inú èédú, nọ́ńbà yìí ló sì máa ń sọ bóyá èédú ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n bí nọ́ńbà kan bá ti jáde, wọ́n á yẹ ike kejì wò, èyí tí wọ́n da omi mímọ́ sí. Bí ohun tí wọ́n rí nínú ìyẹn bá ju ìdámẹ́ta ìwọ̀n tó kéré jù tí yàrá náà máa ń kọ sílẹ̀ lọ, gbogbo èsì tó bá a rìn di asán, àfi kí wọ́n lọ bu omi mìíràn.