Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Èrò Lórí Tẹ́tẹ́ Ẹṣin

Láàrin gbogbo ẹranko tí Ọlọ́run yọ̀ǹda fún ọmọ aráyé láti máa gùn, kò sí èyí tí iyì rẹ̀ tó ti ẹṣin, ẹranko ọba, ẹranko ìjòyè, arìn-gbẹ̀rẹ̀-bí-ẹni-tí-ó-ni-ìlú, tí ó jẹ́ pé bí ìró pátákò rẹ̀ bá ti dún lójú títì, àgbà á yà, ọmọdé á yà. Ṣùgbọ́n n kò tí ì rí ẹranko mìíràn tí ó tú àpò àwọn ọlọ́gbọ́n tó bẹ́ẹ̀. Tẹ́tẹ́ ẹṣin kò ṣàjèjì sí àwa ará Èkó, nítorí pápá tí à ń pè ní Tafawa Balewa Square lónìí, Réèsì Kọ́ọ̀sì ni àwọn bàbá wa mọ̀ ọ́n sí. Síbẹ̀, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti gbilẹ̀ gan-an, pàápàá láti ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 1961 tí òfin ti fún àwọn onítẹ́tẹ́ láyè láti ṣílé sí ìgboro, tí ohun tí wọ́n ń fi ẹ̀rù ọlọ́pàá ṣe ní kọ̀rọ̀ sì di òwò ojú ọ̀sán.

Ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, tí a jọ gbé ilé kan náà ní Peckham ní London, kì í gbé gbogbo owó wọn lé ẹṣin kan ṣoṣo, bí ó ti wù kí òkìkí rẹ̀ kàn tó. Bí mo bá bi wọ́n léèrè, wọn a ní, “Àbúrò mi, ọ̀nà kan kò wọ ọjà.”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹni tí ó bá lé eku méjì yóò pòfo ńkọ́?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Eku ni ìyẹn. Ẹṣin ni à ń sọ.”

Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyí. Wọn yóò ṣa ẹṣin mẹ́ta tí wọ́n gbà pé ọ̀kan nínú wọn ni yóò gba ipò kìíní. Ká ní onítẹ́tẹ́ dá méjì sí ọ̀kan lé àkọ́kọ́, mẹ́rin sí ọ̀kan lé èkejì, mẹ́sàn-án sí ọ̀kan lé ẹ̀kẹta, wọn yóò fi £10 lé àkọ́kọ́, £6 lé èkejì, £3 lé ẹ̀kẹta, àpapọ̀ rẹ̀ £19. Èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó bá wọlé, £30 ni yóò bọ́ sí wọn lọ́wọ́, àti owó ìdí àti èrè, nítorí ẹṣin tí ayé fojú sí jù ni ó gba owó jù, èyí tí ayé kò kà sí ni ó gba kékeré. Ìṣirò ọmọ ilé-ìwé ni, ṣùgbọ́n n kò lè ṣàì gbóríyìn fún un.

Ẹni tí ó bá sì rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Aintree, lẹ́bàá Liverpool, ní ọdún 1967, kò ní fi àwọn tí ń pín owó wọn báyìí ṣẹ̀sín. Ẹṣin mẹ́rìnlélógójì ni ó sá Grand National ọdún náà. Nígbà tí wọ́n dé ọgbà kẹtàlélógún tí wọn yóò fò, ọ̀kan nínú èyí tí ó kéré jù lójú ọ̀nà náà, ẹṣin kan tí ń jẹ́ Popham Down, tí ó ti gbé ẹlẹ́ṣin rẹ̀ ṣánlẹ̀ tipẹ́tipẹ́, ṣàdédé yà bàrà síwájú àwọn yòókù. Ẹṣin kọlu ẹṣin, ẹlẹ́ṣin ń já bọ́ níhìn-ín lọ́hùn-ún, àwọn alágbára dúró gbagidi. Foinavon, tí onítẹ́tẹ́ dá ọgọ́rùn-ún sí ọ̀kan lé, tí ó sì ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn, ni ó rí àyè yọ, tí John Buckingham sì gùn ún dé òpin ṣíwájú gbogbo wọn. Àwọn àgbà ní ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Lọ́jọ́ náà, ìṣubú ti iwájú ni ti ẹ̀yìn wò, ó sì gba ibòmíràn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó ti ìṣirò náà dáadáa, mo rí i pé pípín owó kò dé ìdí ọ̀ràn. Ẹ jẹ́ kí á gbà pé ẹṣin mẹ́rin péré ni yóò sá, tí agbára wọn dọ́gba; mẹ́ta sí ọ̀kan ni ó tọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Onítẹ́tẹ́ kò ní dá mẹ́ta. Márùn-ún sí méjì ni yóò dá, nítorí inú ìyàtọ̀ yẹn ni owó ilé rẹ̀, owó iná rẹ̀ àti oúnjẹ ọmọ rẹ̀ wà. Ẹni tí ó bá pín owó títí ó fi kárí, tí ó fi £2 lé ọ̀kọ̀ọ̀kan, £8 ni ó ná, £7 ni yóò sì gbà, ẹṣin yòówù kí ó wọlé. Ẹni tí ó gbé £8 lé ọ̀kan ṣoṣo lè gba £28, ó sì lè máa wo òkè. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń ta á bẹ́ẹ̀ láti ọdún dé ọdún, bí a bá ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀, £1 nínú £8 ni òun náà yóò máa fi sílẹ̀. Pípín kò dín ohun tí onítẹ́tẹ́ ń mú. Ìjayà ẹni tí ń ta tẹ́tẹ́ ni ó dín. Kò sí bí a ó ti se ebòlò tí kò ní rùn ìgbẹ́.

Èyí tí ó tilẹ̀ burú jù ni ti àwọn tí ń so ẹṣin pọ̀ mọ́ra, bí irú èyí tí wọ́n ń pè ní Yankee, tí wọ́n ń fi ẹṣin mẹ́rin nínú ìdíje mẹ́rin hun tẹ́tẹ́ mọ́kànlá. Ó jọ pípín lójú, ṣùgbọ́n bí owó bá ti ń ti ara ẹṣin kan bọ́ sára èkejì ni onítẹ́tẹ́ tún ń bù ú jẹ. Bí ó bá jẹ́ irú iye tí mo sọ lókè yìí, nínú £1 tí a fi so mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, ohun tí ìṣirò fi sílẹ̀ fún ẹni tí ó ta á kò pé pẹ́ńsì 59. Lóòótọ́, Frankie Dettori gun ẹṣin méje ní Ascot ní Sátidé ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdún 1996, gbogbo wọn wọlé, iye àsopọ̀ wọn sì lé ní 25,000 sí ọ̀kan. Àwọn Sátidé yòókù, kò sẹ́ni tí ń pa ìtàn wọn.

Ẹni tí ó là á yé mi jù ni John Kelly, ará Amẹ́ríkà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Bell Labs, tí ó gbé ìṣirò kan jáde ní ọdún 1956 lórí ìwọ̀n tí ó yẹ kí ènìyàn fi lélẹ̀ nínú ohun tí ó ní. Ohun tí ìṣirò náà ń bèèrè ni bóyá agbára ẹṣin láti wọlé ju èyí tí iye onítẹ́tẹ́ fi hàn lọ. Irú èrò yìí ni Bill Benter àti Alan Woods gbé lọ sí Hong Kong láàrin àwọn ọdún 1980, tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà kó ìtàn ẹṣin kọ̀ọ̀kan jọ, tí wọ́n sì ń pín owó káàkiri. Wọ́n di olówó rẹpẹtẹ, ṣùgbọ́n pípín kọ́ ni ó sọ wọ́n di olówó. Ẹṣin tí ọjà fojú tẹ́ńbẹ́lú ni wọ́n ń wá, pípín kàn ń gbà wọ́n lọ́wọ́ àpò gbígbẹ kí ìṣirò wọn tó ṣẹ ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò láti pín owó sórí ẹṣin mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè ohun tí ẹ mọ̀ nípa wọn tí onítẹ́tẹ́ kò mọ̀. Bí kò bá sí, iye tí ìṣirò Kelly ní kí ẹ fi lélẹ̀ ni òdo.